Ohun tí ìyá ọkọ àti ìyàwó ilé ń bá ara wọn jà sí

Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kì í pẹ́ tí wọ́n bá ti gbé ìyàwó wọlé tí àwọn ará ilé àti aládùúgbò fi máa ń ṣọ́ ohun kan: ṣé òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ yóò rẹ́? Bí wọ́n bá rẹ́, wọ́n á ní ìyàwó náà mọ ìwà hù. Bí wọn kò bá rẹ́, àwọn kan á ní ìyá ọkọ ló burú, àwọn mìíràn á ní ìyàwó ló fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Fíìmù Yorùbá sì ti sọ ọ̀rọ̀ náà di ìtàn tí kì í tán: ìyá ọkọ á di òṣìkà, ìyàwó á máa sunkún, ọkọ á wà láàrin wọn, kò ní mọ ibi tí yóò yà sí.

Lóòótọ́, ìyá ọkọ tó le koko wà, ìyàwó tí kì í gbọ́ràn náà sì wà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìwà nìkan ló ń dá ìjà náà sílẹ̀, kì bá tí máa gba ọ̀nà kan náà wáyé nínú ilé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun mẹ́ta ni ìjà náà sábà máa ń dá lé: ta ló ni àṣẹ lórí ọmọ jòjòló, ta ni yóò tọ́jú ìyá nígbà ogbó, ta ni yóò sì dúró nínú ilé bí ọkọ bá kú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ẹ̀mí ọmọ wà nínú ti àkọ́kọ́, oúnjẹ àgbàlagbà wà nínú èkejì, òrùlé tí opó yóò sùn sí abẹ́ rẹ̀ wà nínú ẹ̀kẹta.

Àwọn méjèèjì ló wọlé wá

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yéni, ó yẹ kí èèyàn mọ bí ètò agbo ilé ṣe rí láyé àtijọ́. Ọ̀nà méjì ni àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ pín sí: àwọn ọmọ ilé àti àwọn ìyàwó ilé. Ọmọ ilé ni ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ kò yé jẹ́ ọmọ ilé baba rẹ̀. Bó bá dé fún ìnáwó tàbí ìsìnkú, àwọn ìyàwó ilé ni yóò máa dá lóhùn. Ìyàwó ilé ní tirẹ̀ ni obìnrin tó ti ilé mìíràn wá. Ọjọ́ tí wọ́n fi omi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ni ọjọ́ orí rẹ̀ nínú ilé náà bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ti pé ẹni ọgbọ̀n ọdún lè di àbúrò fún ẹni ogún ọdún tó ti ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Nítorí èyí ni ìyàwó kì í fi í pe orúkọ àwọn ọmọ tó bá nílé. Ọkọ rẹ̀ ni gbogbo wọn, títí kan ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bí ní oṣù tó ṣáájú ìgbéyàwó. Yóò fún wọn ní orúkọ ẹ̀yẹ bí Àdúmáradán, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tàbí Eyínjúẹgẹ́. Irú àṣà báyìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Láàrin àwọn Súlù àti Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà, àṣà kan wà tí wọ́n ń pè ní hlonipha, tó ka orúkọ baba ọkọ léèwọ̀ fún ìyàwó, débi pé yóò tún máa yẹra fún ọ̀rọ̀ mìíràn tí ìró rẹ̀ bá jọ orúkọ náà. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, ọ̀mọ̀wé nípa àwùjọ ẹ̀dá, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1997, The Invention of Women, pé nínú agbo ilé àwọn Ọ̀yọ́ àtijọ́, ẹni tó kọ́kọ́ wọ ilé ni ẹ̀gbọ́n, bíbí tàbí gbígbé wọlé ló sì ń sọ ipò ẹni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò dé rèé: ìyá ọkọ pàápàá, ìyàwó ilé ni. Òun náà ti ilé mìíràn wá. Òun náà ti kúnlẹ̀ kí ọmọdé, ó ti fọ abọ́ fún ìyálé, ó ti sin ìyá ọkọ tirẹ̀. Ohun tó gbé e dé ipò tó wà kò ju pé ó pẹ́ nínú ilé, ó sì bímọ síbẹ̀. Òwe Yorùbá tó ní pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó, àwọn orogún ni wọ́n sábà máa ń pa á fún, ṣùgbọ́n ó bá ìyá ọkọ àti ìyàwó ọmọ mu dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìyá ọkọ tó ń fi ojú ìyàwó rí màbo, ohun tí ojú tirẹ̀ rí ló ń san padà, lára ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Àjèjì méjì ló ń bá ara wọn jà nínú ilé tí kò sí èyí tí wọ́n bí síbẹ̀ nínú wọn, ọkùnrin kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ fún ọ̀kan, tó jẹ́ ọkọ fún èkejì, ló so wọ́n pọ̀.

Láyé àtijọ́, àwọn méjèèjì kì í dá wà pẹ̀lú ara wọn. Ìyálé wà tí yóò kọ́ ìyàwó tuntun ní iṣẹ́ ilé, àwọn ìyàwó yòókù wà tí wọn yóò jọ dáná, baálé ilé sì wà tí yóò dá ẹjọ́. Bí ìyá ọkọ bá sọ̀rọ̀ tó le jù, ẹnìkan á wà níbẹ̀ tí yóò pè é sí kọ̀rọ̀. Lónìí, ọmọ Ọ̀kà tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ń gbé inú yàrá méjì pẹ̀lú ìyàwó kan. Nígbà tí ìyàwó bá bímọ, ìyá á di ẹrù, á wọ mọ́tò, á lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn. Ìyálé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí baálé. Ilé ìdáná kan ni àwọn méjèèjì jọ ń lò, ìkòkò kan náà ni wọ́n jọ ń ṣí. Ètò tó ń là wọ́n níjà ti tú ká, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń retí lọ́dọ̀ èkejì kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà ní Àkókó níbẹ̀. Ó ṣòro láti rí agbègbè mìíràn nílẹ̀ yìí tí èdè ìlú kan fi yàtọ̀ sí ti ìkejì tó bẹ́ẹ̀ láàrin ìrìn díẹ̀. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ni Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà ń sọ, ṣùgbọ́n ní Àrìgìdì tí kò jìnnà sí Ìkàrẹ́, èdè tó yàtọ̀ gedegbe ni wọ́n ń sọ nílé. Ìyàwó tó bá ti ìlú kan bọ́ sí èkejì lè máa jókòó láàrin àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kó máa rò pé òun ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọjà ni wọ́n ń sọ.

Ọwọ́ ta ni ọmọ wà?

Ìjà tó ń kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé ni ti ìtọ́jú ọmọ tuntun. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún ìyá ọmọ nílé ìwòsàn pé ọmú nìkan ni kó fún ọmọ fún oṣù mẹ́fà, kó má fi omi tàbí àgbo kún un. Ìyá ọkọ dé, ó ní ta ni í jẹun tí kì í mu omi? Ó ní òun wo ọmọ méje pẹ̀lú àgbo, kò sì sí èyí tó ṣe nínú wọn. Ìyàwó kọ̀, ìyá ọkọ sì ka kíkọ̀ náà sí àfojúdi. Nígbà mìíràn, bí ìyàwó bá lọ wẹ̀, ìyá á ti fi síbí bu omi sí ọmọ lẹ́nu.

Láti ọdún 2001 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti ń sọ pé ọmú nìkan ló tọ́ sí ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Omi ló pọ̀ jù nínú ọmú fúnra rẹ̀, nítorí náà ọmọ kò pa òùngbẹ. Ikùn ọmọ tuntun kéré. Bí omi tàbí àgbo bá kún un, kò ní fa ọmú tó bó ṣe yẹ, bí kò bá sì fa á, ọmú yóò dín kù. Omi tí wọn kò sè dáadáa sì lè kó ìgbẹ́ gbuuru bá a. Omi ọyàn àkọ́kọ́, èyí tó máa ń ki, tó sì pọ́n díẹ̀, tí àwọn ìyá àgbà mìíràn máa ń fún dànù pé ó dọ̀tí, òun gan-an ló ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àìsàn. Síbẹ̀, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìlera àti iye ènìyàn fi hàn pé ní ọdún 2013, ọmọ 17 péré nínú 100 tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ló ń mu ọmú nìkan ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2018, ó gòkè sí 29.

Àwọn onímọ̀ ti rí i tipẹ́ pé ẹni tó ní àṣẹ lórí ọmọ nínú ilé lè pinnu bóyá ọmọ yóò yè. Ní ọdún 1973, wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan láàrin àwọn obìnrin Yorùbá ní Ìbàdàn. John Caldwell, onímọ̀ nípa iye ènìyàn láti Ọsirélíà, tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1979. Ó rí i pé ọmọ àwọn obìnrin tó kàwé kì í kú tó ti àwọn tí kò kàwé, kódà nígbà tí iṣẹ́ ọkọ wọn àti ibi tí wọ́n ń gbé bá jọra. Lára àlàyé tó ṣe ni pé ilé ìwé ń yí àṣẹ padà nínú ilé: obìnrin tó kàwé máa ń dìde gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn láì dúró de ìyá ọkọ, ìyá ọkọ pẹ̀lú á sì gbà fún un torí ó mọ̀ pé ó kàwé. Ìyẹn ni pé ìjà tí àwọn aládùúgbò ń pè ní àìgbọràn ti gba ẹ̀mí ọmọ là nínú ilé mìíràn.

Ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé kí wọ́n ti ìyá àgbà sẹ́yìn. Ní orílẹ̀-èdè Gáńbíà, Rebecca Sear àti Ruth Mace yẹ àkọsílẹ̀ àwọn abúlé kan wò láti ọdún 1950 sí 1974. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2000 ni pé ọmọ tí ìyá ìyá rẹ̀ bá wà láàyè máa ń ní ara tó dára, ó sì máa ń yè ju èyí tí tirẹ̀ ti kú lọ. Wọn kò rí irú àǹfààní yìí lọ́dọ̀ ìyá baba. Ní Sẹ̀nẹ̀gà ẹ̀wẹ̀, Judi Aubel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa ètò kan ní ọdún 2004, níbi tí àwọn olùkọ́ ìlera kò ti bá àwọn ìyá ọmọ nìkan sọ̀rọ̀. Wọ́n pe àwọn ìyá àgbà jọ, wọ́n bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ wọn, wọ́n sì fi orin àti ìtàn kọ́ wọn ní ohun tuntun. Ìmọ̀ràn tí àwọn ìyá àgbà náà ń fún ìyàwó ọmọ wọn yí padà, ìtọ́jú aboyún àti ọmọ sì dára sí i. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àṣẹ ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ohun tó bá ń fi àṣẹ náà pa láṣẹ ni.

Ẹni tí yóò bọ́ ìyá

Ìjà kejì jẹ mọ́ owó, ó sì máa ń le ju ti àgbo lọ torí àwọn méjèèjì kì í fẹ́ sọ ọ́ jáde. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe yìí kì í ṣe àsọdùn fún obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe oko iṣu ní Ọ̀kà tàbí tó ń tajà ní Ìkàrẹ́. Òfin owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2014, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti iléeṣẹ́ ló ṣe é fún. Ọdún 2019 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètò tí oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ lè fi owó sí, obìnrin tó sì ti pé àádọ́rin ọdún nígbà náà kò lè bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ogbó mọ́. Ní Èkìtì tó wà nítòsí, ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn arúgbó ní ₦5,000 lóṣooṣù ní ọdún 2011, ṣùgbọ́n ètò náà dáwọ́ dúró nígbà tí ìjọba yí padà ní ọdún 2014.

Ọmọ, nígbà náà, ni owó ìfẹ̀yìntì ìyá. Nígbà tó bá rí i tí ìyàwó ra aṣọ tuntun, kì í ṣe aṣọ ló ń wò. Oúnjẹ ọ̀la rẹ̀ ló ń wò. Ìyàwó ní tirẹ̀ ń ka owó ilé ìwé àti owó ilé tí wọ́n ń gbé, ó sì mọ̀ pé owó oṣù ọkọ òun kò tó. Ọkọ tó bá fẹ́ yẹra fún ìjà á máa fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Lọ́jọ́ tí ìyàwó bá rí i lórí fóònù, iye owó kọ́ ni yóò bí i nínú bí kò ṣe pé wọ́n fi pamọ́ fún un. Ìyá pẹ̀lú, tó mọ̀ pé ìkọ̀kọ̀ ni, á gbà pé ìyàwó ni kò fẹ́ kí òun jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan ṣoṣo á ṣe sọ àwọn obìnrin méjì tí kò bá ara wọn jà di ọ̀tá.

Bí ọkọ bá kú

Ìjà kẹta ló burú jù, torí ẹni tó lè là á ti kú. Gẹ́gẹ́ bí àṣà Yorùbá tí àwọn ilé ẹjọ́ ti fi ọwọ́ sí, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ìgbà náà sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu ní ọdún 1957. Àwọn ọmọ ló ń jogún, ìdí-igi sì ni ìlànà pínpín gẹ́gẹ́ bí ilé ẹjọ́ ṣe là á kalẹ̀ nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole ní ọdún 1958: iye ìyàwó tó bímọ ni wọn yóò pín ogún sí. Ìdí nìyẹn tí opó tó bímọ fi ń rí ibi dúró sí nípasẹ̀ ọmọ rẹ̀, tí opó tí kò bímọ sì wà nínú ewu.

Ó yẹ kí àwọn ìyá ọkọ ronú lórí òfin yìí. Nígbà tí ọmọ bá kú tó sì fi ọmọ sílẹ̀, àṣà kò sọ pé kí ìyá rẹ̀ jogún rẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ló ni ilé. Ìyá ọkọ tó bá lé opó jáde, ìyá àwọn onílé ló lé, àwọn ọmọ náà kò sì ní gbàgbé nígbà tí wọ́n bá dàgbà.

Irú ìgbéyàwó tí tọkọtaya bá ṣe lè yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹni tó bá ṣe ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, ní ilé ìforúkọsílẹ̀ tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ, òfin fún opó rẹ̀ ní ìpín nínú ogún. Ìdáná nìkan kò ṣe èyí. Ní ìlú bí Ìkàrẹ́ tí Mùsùlùmí ti pọ̀, bí àwọn ẹbí bá pín ogún ní ìlànà Ìsìláàmù, ìyá àti ìyàwó ló ní ìpín: bí olóògbé bá fi ọmọ sílẹ̀, ìyá yóò gba ìdá kan nínú mẹ́fà, ìyàwó yóò gba ìdá kan nínú mẹ́jọ. Bákan náà, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 lòdì sí ìwà ipá sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi àṣà fìyà jẹ opó. Ìpínlẹ̀ Òǹdó náà ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2021.

Ohun tó lè parí ìjà náà

Gbogbo èyí fi hàn pé ọwọ́ ọkùnrin tó wà láàrin ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀rọ̀ náà wà. Bí ìyàwó bá lóyún, kí ó mú ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọjọ́ àyẹ̀wò kan pọ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ìkàrẹ́, ó sì wà ní Ìwárò Ọ̀kà. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì bá sọ fún ìyá fúnra rẹ̀ kò ní dà bí àfojúdi létí rẹ̀ bí èyí tí ìyàwó bá wá sọ. Kí wọ́n sì fi ìwẹ̀ ọmọ, orúkọ pípè àti oúnjẹ ìyá ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà, torí iṣẹ́ tí yóò ṣe wà níbẹ̀ tí kò ní pa ọmọ lára.

Ní ti owó, kí iye tí ìyá ń gbà lóṣù jẹ́ ohun tí ọkọ àti ìyàwó jọ fẹnu kò lé lórí, kó kéré tó bá fẹ́ kéré, kó sáà dúró sójú kan. Èyí tó dára jù ni kí ìyàwó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í ránṣẹ́. Ìyá tó bá ń gba owó lọ́wọ́ ìyàwó kò ní pẹ́ mọ ibi tí ó ti ń jẹun. Ní ti ilé àti ilẹ̀, kí ọkùnrin ṣe ìwé ìhágún nígbà tí ara rẹ̀ le, kí ó dárúkọ ìyá àti ìyàwó rẹ̀ níbẹ̀, kí ó má fi ẹjọ́ náà sílẹ̀ fún àwọn ẹbí.

Àwọn obìnrin méjèèjì náà ní ohun tí wọ́n lè ṣe láì dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ìyàwó rántí pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sí òun ti jẹ́ ìyàwó tuntun rí nínú ilé náà, kí ó bi í léèrè bó ṣe rí nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ìyá ọkọ ni ẹnikẹ́ni kò bi léèrè rí. Kí ìyá ọkọ náà rántí pé ọmọ tòun wà nílé ọkọ níbòmíràn, ìyá ọkọ kan sì wà níbẹ̀ tó ń wò ó báyìí.